Ta Ló Ń Da Tíì Sára Ọkọ̀ Funfun?

Àǹtí, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ pa fèrèsé náà dé, torí mo mọ̀ pé etí wà lára ògiri yín, obìnrin tó wà ní yàrá kejì yẹn máa ń pa rédíò ẹ̀ tí mo bá ti wọlé, ẹ̀yin ò ṣàkíyèsí ni, èmi ti ṣàkíyèsí, ó ń pa á kó lè gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ẹ jẹ́ kó gbọ́! Àbí ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́. Ẹ ṣáà ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́, Àǹtí! Èmi! Èmi tí mi ò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti jáde ilé ìwé, èmi tí ẹ máa ń sọ pé tí eṣinṣin bá bà lé mi nímú, mo máa kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó lé e! Nítorí àbàwọ́n. Nítorí àbàwọ́n tí mo ń fọ̀, tó ń lọ, tó sì ń padà wá ní àràárọ̀ bí ẹni tó ti sanwó ilé síbẹ̀.

Rárá, inú mi ò balẹ̀, ẹ má fún mi lómi. Ẹ fi aṣọ kíká yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi.

Ẹ rántí ọkọ̀ ojú omi tó wà ní ọgbà tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe, èyí tí wọ́n gbé lé orí ìtì igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, funfun báláú, tí ẹ ní ó dà bí ẹyẹ tó sùn? Òun ni. Ara ẹ̀ kì í ṣe pákó, kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe ọ̀dà lásán ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n da nǹkan kan bò ó tó gbẹ tó le tó ń dán bí àwo tánganran, tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ máa rò pé eyín ọmọdé lẹ fọwọ́ kàn. Awọ ọkọ̀ là ń pè é níbi iṣẹ́. Awọ yẹn niyì ọkọ̀. Kí ẹ̀rọ inú ẹ̀ dára bí ẹ̀rọ tuntun, tí awọ bá ti ní àbàwọ́n, ẹni tó ni ín á ní ọkọ̀ òun ti gbó. Ọkọ̀ yìí ti pẹ́ lábẹ́ igi kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ewé ń já lé e, ewé ń jẹrà, omi ewé ń ṣàn wálẹ̀ lára ẹ̀, ó wá fi àbàwọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan, àwọ̀ ilẹ̀, tó lọ gbọọrọ bí ìgbà tí ẹnì kan sunkún tí kò nu ojú. Ọ̀gá bá pè mí. Wọ́n ní, "Adákẹ́." Orúkọ tí wọ́n fún mi níbẹ̀ nìyẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Adákẹ́, tìẹ rèé. Tó o bá fọ ẹ̀gbẹ́ yìí mọ́ kí olówó ọkọ̀ tó dé, mo mú ẹ mọ́ra nìyẹn, màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tún awọ ọkọ̀ dà, wàá di oníṣẹ́." Àǹtí, oníṣẹ́! Kì í ṣe agbálẹ̀ o, kì í ṣe "wá gbé e, lọ gbé e"! Oníṣẹ́ tí wọ́n á máa wá pè láti ọgbà mìíràn!

Mo sì fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ mọ́! Kì í ṣe pé mo gbìyànjú, mo ní mo fọ̀ ọ́ mọ́, àbàwọ́n ewé kúrò pátápátá, ọ̀gá dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ojú kan, wọ́n fi èkejì wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti ìdí títí dé imú, wọ́n ní, "Hẹn-ẹ́n." Ṣé ẹ mọ ohun tí "hẹn-ẹ́n" jẹ́ lẹ́nu ọ̀gá wa? Oyè ni! Bùọ̀dá káfíńtà ti bá wọn ṣiṣẹ́ títí orí ẹ̀ fi pá, wọn ò tí ì sọ "hẹn-ẹ́n" fún un ju kí wọ́n wúkọ́ lọ. Mo sùn lóru ọjọ́ yẹn bí ẹni tó joyè. Ilẹ̀ mọ́, mo dé géètì, kí ni mo bá?

Pupa! Àmì pupa tó-tò-tó, wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn mu tíì sẹ́nu tó fẹ́ ẹ fùù sára ọkọ̀! Ibòmíì sì tún ti ṣàn wálẹ̀ díẹ̀ bí omijé. Ibo ló wà? Ibi tí mo fọ̀! Ẹ fetí sí mi dáadáa, Àǹtí, ibi tí mo fọ̀ nìkan! Ẹ̀gbẹ́ kejì tí mi ò fọwọ́ kàn, funfun báláú. Imú ọkọ̀, funfun. Ìdí ọkọ̀, funfun. Ibi iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ni nǹkan náà mọ̀, ó gba ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ṣé òjò ló lójú báyẹn? Ṣé eruku ló mọ ibi tí ọmọ òrukàn fọwọ́ kàn? Ènìyàn ni! Ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀!

Mo tún un fọ̀. Ó mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó tún ti dé. Mo tún un fọ̀, ó tún dé, àní ó tún pọ̀ sí i! Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni inú ń bí ẹni náà tó.

Ta ló ń sùn níbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn. Ta ló ń sùn ní ọgbà yẹn lóru, tó jẹ́ pé tí gbogbo wa bá ti lọ tán, òun nìkan ló kù pẹ̀lú ọkọ̀? Bàbá Onítọ́ọ̀ṣì ni, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì, èyí tí tọ́ọ̀ṣì kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ kódà ní ọ̀sán gangan. Kí ló ń mu? Tíì! Tíì tó dúdú bí omi aró, kò ní mílíìkì, kò ní nǹkan kan. Mo yọjú wo inú kọ́ọ̀pù ẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ tọ̀, Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra, àwọ̀ tó wà ní ìdí kọ́ọ̀pù yẹn àti àwọ̀ tó wà lára ọkọ̀, ìyá kan náà ló bí wọn! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ẹ tún wá ní kí n lọ wá ẹlòmíì?

Mo ní "ó"? Ẹ má bínú. Wọ́n. Àgbà ni wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n àgbà tó ń da tíì sí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí ni ká máa pè é?

Ẹ ò tí ì gbọ́ èyí tó burú jù. Tí mo bá ti ń bọ̀ láàárọ̀, kí n tó wọ géètì, wọ́n á ti máa pariwo, "Adákẹ́! Àlejò ẹ ti dé o! Mo ní kó jókòó dè ẹ́!" Wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, tí iná tọ́ọ̀ṣì á máa jó lára ògiri. Ṣé ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ta ló sọ fún wọn pé àlejò ni? Báwo ni wọ́n ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti dé kí n tó rí i? Ẹ ní torí pé wọ́n sùn níbẹ̀ ni, wọ́n sì lójú? Àǹtí, ẹ̀yin náà ń gbè wọ́n lẹ́yìn!

Ẹ wá gbọ́ ìdí. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ibi láìnídìí. Bàbá yẹn ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó wà nílé tí kò ríṣẹ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, mo wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń mọ̀ pé mo wà níbi kankan. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ọmọ náà lọ́wọ́ o, tí ààyè bá ṣí." Tí ààyè bá ṣí! Ààyè ta ni? Ààyè ta ni kò tí ì dúró dáadáa ní ọgbà yẹn bí kò ṣe ààyè tèmi?

Mo wá dẹ pańpẹ́. Ẹ má wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ ń yí, mo dẹ pańpẹ́ ni. Mo lọ bu iyanrìn gbígbẹ, mo fọ́n ọn ká ìdí ọkọ̀ nígbà tí Bàbá lọ bu omi, mo fi ọwọ́ mi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, àmì pupa wà lára ọkọ̀, iyanrìn sì dúró bí mo ṣe tẹ́ ẹ, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan, kódà adìẹ ò kọjá níbẹ̀. Ẹ rí i! Ẹ rí ọgbọ́n burúkú! Ẹni tó rí iyanrìn tí kò tẹ̀ ẹ́, ṣé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ nìyẹn? Òkèèrè ló dúró sí tó ti ń dà á!

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní bóyá kò sẹ́ni tó débẹ̀? Àǹtí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bí mi nínú.

Mo bá lọ sọ ọ́ lónìí. Èmi Adákẹ́. Ọ̀la ni olówó ọkọ̀ ń bọ̀, ọ̀gá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ti ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe sí ọkọ̀ yìí gan-an. Mo bá ara mi níwájú gbogbo wọn, káfíńtà, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, gbogbo wọn, mo ní, "Ọ̀gá, Bàbá Onítọ́ọ̀ṣì ni. Tíì ni wọ́n ń dà sí i. Tí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sùn sílé wọn lóru kan péré, kí ẹ wò ó bóyá ó máa padà wá." Ọ̀gá wò mí, wọ́n wo bàbá, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn làwọn máa ti géètì lálẹ́ òní, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò àwọn. Tí ọkọ̀ bá mọ́ lọ́la, bàbá ló ń ṣe é, kí bàbá má padà wá mọ́. Tí àmì pupa bá tún wà níbẹ̀, èmi ni mo ba awọ ọkọ̀ jẹ́ tí mo tún purọ́ mọ́ àgbà, kí n kó káńgárá mi, kí n má jẹ̀ẹ́ kí olówó ọkọ̀ bá mi níbẹ̀.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e sórí àga wọn. Wọ́n ká ẹní. Wọ́n mú kọ́ọ̀pù, wọ́n da tíì tó kù nínú ẹ̀ sí gọ́tà, jẹ́jẹ́, kò ta sílẹ̀ rárá. Wọ́n wá ní, "Adákẹ́, ṣé èmi?" Ìyẹn nìkan. "Ṣé èmi?" Ẹ rí i bí wọ́n ṣe lè ṣojú àánú! Ẹni tó mọ̀ ọ́n dà jẹ́jẹ́ sí gọ́tà, ó mọ̀ ọ́n dà jẹ́jẹ́ síbòmíì. Mo ṣáà padà sídìí ọkọ̀ mi, mo tún un fọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo fọ̀ ọ́ bí ẹni máa bó o láwọ, funfun báyìí ni mo fi í sílẹ̀ kí n tó wá síbí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́!

Kí ni? Kí lẹ ní mo fi ń fọ̀ ọ́?

Ọṣẹ ni. Ọṣẹ àti omi. Àti oògùn funfun tí ọ̀gá fún mi nínú ike, tó dà bí ìpara, wọ́n ní kí n fi fóòmù rírọ̀ pa á sójú àbàwọ́n, kí n jẹ́ kó jókòó, kí n fi omi ṣàn án, kí n tún un ṣe, kí n tún un ṣe, kí n má kánjú, pé awọ ọkọ̀ ò fẹ́ ipá. Ẹ tún ń béèrè? Ẹ wo bí ẹ ṣe rọra ń béèrè, bí ọlọ́pàá tó ti mọ ìdáhùn. Ó dáa! Fóòmù yẹn ò ṣiṣẹ́! Mo pa á, mo pa á, àbàwọ́n kàn ń wò mí ni. Ṣé kí n wá lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ó ti sú mi? Ṣé ẹ mọ bí ẹnu mi ṣe máa ń wúwo tí mo bá dé iwájú wọn? Mo bá mú kànìnkànìn onírin. Èyí tí ẹ fi ń ha ìdí ìkòkò. Inú ike yín ni mo ti mú un, ẹyọ kan, mo rò pé ẹ ò ní mọ̀. Àǹtí, kò gba wàhálà! Mo ha á wàrà-wàrà, àbàwọ́n ewé sá lọ bí olè, nígbà tí ọ̀gá bi mí pé kí ni mo fi fọ̀ ọ́, mo ní ohun tí ẹ fún mi ni, kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣebí ó mọ́!

Níbo lẹ tún ń lọ? Àǹtí, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi! Kí lẹ ń wá ní ilé ìdáná?

Kí nìyí? Abọ́ ọṣẹ. Mo rí i pé abọ́ ọṣẹ ni. Kànìnkànìn onírin ló wà nínú ẹ̀, mo rí ìyẹn náà. Kí ni kí n gbé sókè? Ó dáa, mo gbé e sókè. Hẹn. Ó ti dógùn-ún. Ó sì ti ta sí abọ́ funfun yín, àmì pupa ló... tó-tò-tó... Kí ni tuntun níbẹ̀? Gbogbo kànìnkànìn onírin ló ń dógùn-ún, tí omi bá ti kàn án, tó bá ti sùn mọ́jú...

Ẹ dúró ná.

Ẹ dúró. Ẹ má sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n èmi kì í fi í sílẹ̀ lára ọkọ̀! Àpò mi ni mo máa ń gbé e padà sí! Eérún ẹ̀ kẹ̀? Eérún tó ń já bí irun... Ó ń já, òótọ́ ni. Ó ń gún mi, ẹ wò ó, èyí tó wà lábẹ́ èékánná mi nìyí, ẹ ò ní rí i tí ẹ ò bá sún mọ́ iná. Ó wá ń wọ inú awọ ọkọ̀ lọ, ó ń ba síbẹ̀, ojú ò rí i, ìrì òru á sẹ̀ lé e lórí, tó bá di àárọ̀... Ibi tí mo fọ̀ nìkan. Ibi tí mo fọ̀ nìkan! Bí mo ṣe ń ha á tó ló ń pọ̀ tó! Yéè, iyanrìn! Iyanrìn ò ní ojú ẹsẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó débẹ̀! Mo gbé o! Mo ti fi ẹnu ara mi pa ara mi!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Àǹtí, ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ n wo ojú yín dáadáa. Ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹyọ kan ti dín nínú ike yín, ẹ sì panu mọ́, ẹ ń ṣọ́ mi wọlé ṣọ́ mi jáde! Kí ló dé tí ẹ ò béèrè? Ẹ rò pé mo mú un láti bá yín fọ ìkòkò? Èmi? Ìgbà wo ni mo ti bá yín fọ ìkòkò rí tí ẹ fi gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ó dáa, mo gbọ́, ẹ ò mọ̀. Mi ò tí ì gbà tán ṣá o.

Ó dáa. Ó dáa. Ilẹ̀ ò tí ì ṣú púpọ̀. Mo mọ ibì kan tí wáyà ọgbà ti dẹ̀, ènìyàn tín-ín-rín lè kọjá. Ike oògùn funfun wà nínú àpótí pákó lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, fóòmù wà nínú korobá. Màá pa á jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é, màá jẹ́ kó jókòó, màá ṣàn án, màá tún un ṣe, gbogbo eérún yẹn á jáde, kí ilẹ̀ tó mọ́ ọkọ̀ á funfun, á sì dúró ní funfun lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá á dé, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á ní "hẹn-ẹ́n," olówó ọkọ̀ á bọ̀ mí lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa...

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀. Mo mọ̀, Àǹtí, ẹ gbé ojú yín kúrò lára mi! Tí ọkọ̀ bá mọ́ lọ́la, Bàbá Onítọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á lé wọn, wọ́n á máa fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ pé àgbàyà ni wọ́n. Tó bá pupa, èmi ni mo lọ. Irú ẹjọ́ wo lèyí? Kí n fọ̀ ọ́, kí n pa bàbá. Kí n fi í sílẹ̀, kí n pa ara mi! Ta ló sì dá a lábàá pé kí wọ́n fi òru òní dán wa wò? Ẹnu mi! Ẹnu tí kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tó máa là, ẹ wo ohun tó sọ!

"Ṣé èmi?" Wọ́n ní, "Adákẹ́, ṣé èmi?" Mo sì wo ojú wọn tí mo dákẹ́.

Mo lè dákẹ́ báyìí náà. Ta ló máa mọ̀? Ẹ̀yin nìkan. Àti obìnrin yàrá kejì, ẹ ò gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe pa lọ́lọ́? Rárá, ẹ má dáhùn. Tí ẹ bá sọ pé kí n lọ jẹ́wọ́, màá ní ẹ̀yin lẹ tì mí. Ṣùgbọ́n mo mọ Bàbá yẹn, wọ́n máa rẹ́rìn-ín, wọ́n máa rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi jókòó sílẹ̀, tó bá di ọ̀la gbogbo ọgbà á máa pè mí ní Kànìnkànìn, ìyẹn tí ọ̀gá bá ṣì jẹ́ kí n wọ ọgbà rárá, bóyá wọn ò ní jẹ́, ta ló máa mú ẹni tó ba awọ ọkọ̀ jẹ́ mọ́ra? Ta ló máa kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ níṣẹ́? Ó ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn ti lọ, àbí? Ẹ ò lè sọ pé kò tí ì lọ. Ẹ rí i, ẹ ò lè sọ ọ́.

Tóò. Ẹ dìde. Mo ní ẹ dìde, ẹ wọ bàtà yín, ike yín ni kànìnkànìn ti wá, ẹsẹ̀ yín ló máa bá mi dé ibi tó gbé mi dé. Ilé Bàbá la máa kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ níbẹ̀ yẹn, kò jìnnà. Ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kẹ̀? Rárá o, tí mo bá kọ́kọ́ rí ọ̀gá, mo máa wá nǹkan míì sọ, mo mọ ara mi. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ilẹ̀ tó ṣú lé wọn lórí pẹ̀lú orúkọ burúkú tí mo fún wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀ o. Ẹ má sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Ẹ má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ kàn dúró sẹ́yìn mi, kí ẹ di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú, ṣinṣin, kí ẹ má tú u sílẹ̀ títí màá fi sọ ọ́ tán, torí bí wọ́n bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn báyìí, Àǹtí, mo máa sá.